Etí Òsì Tí Mo Gé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Orílé-Agége,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Teslim,

Ìgbà tí Kazeem, ojúgbà mi tó jẹ́ dókítà ẹran, gbé etí ọmọ ewúrẹ́ wa sókè, tí ìdin ń yí gbìrìgbìrì nínú ọgbẹ́, ni ó tó yé mi. Nǹkan funfun tí mo rí létí aṣọ tí mo fi wé e kì í ṣe eèrí ògì tó ta sí i lára. Ẹyin eṣinṣin ni. Mo rí i, mo sì fi í sílẹ̀.

Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú wàhálà àwọn ẹran yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara Ìyá Àgbà le. Ọkàn wọn ni kò balẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé gígé etí òsì ni ilé wa fi ń dá ẹran wa mọ̀, torí wọ́n ń bá ti Alhaji Làsísì, aládùúgbò wa, jẹ̀ kiri. Lóṣù tó kọjá, Ìyá Àgbà fi abẹ lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ojú mi ti ń ṣú. Ọwọ́ rẹ ló kàn." Láti ìgbà tí mo ti darí dé láti London, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. N kò ro ti òjò, n kò ro ti eṣinṣin. Mo gé e, mo wé e, mo bá tèmi lọ.

Kazeem yọ ìdin títí, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ inú orí. Ẹran náà ń fi orí gbá ògiri. Àárọ̀ Jímọ̀ ló kú lẹ́sẹ̀ mi. Ìyá Àgbà ò bá mi wí rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Kazeem ní kí a má gé etí ẹran kankan nígbà òjò. Bó bá di dandan, kí a fi oògùn tó ń lé eṣinṣin sí i lójú ẹsẹ̀, kí a má wé e, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́.

Àwọn ìbejì ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló kù tí a kò tíì sàmì sí báyìí. Lánàá, Alhaji dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ọ̀kan mà jọ ẹran àwọn. Ni Ìyá Àgbà bá ní kí n gé etí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a so okùn mọ́ wọn lọ́rùn títí ọyẹ́ yóò fi dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Okùn ṣe é tú. Ta ló ń tú etí?" Wọ́n ní bí mo bá kọ̀, àwọn fúnra àwọn ni yóò gé e, pẹ̀lú ojú tí ò ríran dáadáa.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Fàúsát tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà bọ̀ ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èsì rán an. Abẹ náà wà lórí tábìlì níwájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n gé e ni, àbí kí n kọ̀ fún wọn?

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí èsì yín,
Ameenat Àdùkẹ́.