Fóònù Ní Òun Kò Rí Orí Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

"Láti òní lọ, afẹ́fẹ́ ti di ìránṣẹ́ irun, orí ọmọ ènìyàn kankan kò sì ní mọ ìrora mọ́ títí ayé." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ yín kọ ọ́ sínú ìwé tí mo bá nínú páálí tí o fi ránṣẹ́. Mo dìde dúró, mo kà á sókè fún ìyá rẹ, mo sì ṣí fìlà mi láti fi bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Rántí pé mo ṣí fìlà o, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ò ń jókòó jẹun, àbí o ṣì ń mu tíì lórí ìdúró bí ẹni tí wọ́n ń lé? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Ara wa le níbí, àyàfi orí mi, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Òrùlé ilé ìdáná ti dẹ́kun jíjò, òjò ni kò rọ̀ mọ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n má kọ ohunkóhun nípa orúnkún òun, nítorí náà n kò kọ ọ́.

Ẹnu àfibọ̀ tí ẹ ṣe fún imú díráyà, èyí tí yóò máa tú afẹ́fẹ́ gbígbóná ká kí ó má baà jó awọ orí oníbàárà, ó dé ọwọ́ wa láìsí ìbàjẹ́. Mo ka ihò rẹ̀, méje ni, mẹ́fà yí ọ̀kan ká bí akẹ́kọ̀ọ́ tó yí títíṣà ká. O ní kí àǹtí rẹ onídìrí dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó fi èsì ránṣẹ́ lórí fóònù kó tó di Ọjọ́bọ̀, nítorí Ọjọ́bọ̀ ni ìwọ yóò dúró níwájú àwọn ọ̀gá, bí wọ́n bá sì ti gbà á, ẹgbàárùn-ún ni wọn yóò ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí rẹ ní orí oníbàárà òun kì í ṣe pátákó ìdánwò, kí ẹni tó bí ọmọ fi orí ara rẹ̀ dán iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ wò. Ìyá rẹ ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun ni. Ni àwọn méjèèjì bá yíjú sí èmi tí mo ti ṣí fìlà.

Òótọ́ ni pé irun ti kúrò lórí mi láti ìgbà tí o wà ní kíláàsì kẹta. Ṣùgbọ́n mo rò ó, mo rí i pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Irun a máa bá orí bo nǹkan mọ́lẹ̀, awọ orí lásán kò mọ irọ́ í pa.

Áàpù tí o ní kí a fi sórí fóònù kọ́kọ́ gbé àdéhùn wá, ojú ìwé mọ́kànlélógójì. Ọjọ́ méjì ni mo fi kà á, mo rí àṣìṣe mẹ́tàdínlógún, mo sì ti kọ gbogbo wọn sínú ìwé kan kí o bá mi fún ẹni tó kọ ọ́, kí ó ṣe àtúnṣe. Àǹtí rẹ ní kò sí ẹni tó ń kà á, pé ẹ kàn máa ń tẹ "mo gbà" ni. Mo bi í pé báwo ni ènìyàn ṣe máa gba ohun tí kò mọ̀? Ó ní, Bọ̀ọ̀dá, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe gbéyàwó. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín.

Lánàá ni mo wá jókòó síwájú dígí, àǹtí rẹ sì tan díráyà. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi, mo tilẹ̀ ti ń to ọ̀rọ̀ ìyìn tí n óò kọ sí ọ̀gá yín. Nígbà tí mo ka oókànlá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ mí ní àárín orí bí ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí. Mo fara dà á, nítorí a kì í sá kúrò nídìí ìdánwò. Nígbà tí mo ka ogún, mo ké. Àwọn oníbàárà méjì tó ń dúró de irun dídì dìde, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn gbé nǹkan kaná nílé. Mo wo dígí, mo rí àpá pupa kan roboto ní àárín orí mi. Níbi tí ihò mẹ́fà yòókù wà, kò sí nǹkan kan.

A ya àwòrán orí mi fún áàpù gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Fóònù ronú díẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Kò sí orí nínú àwòrán yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orí síwájú." Mo sún mọ́ ọn. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. Mo lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, bóyá eruku ni. Ó tún ní kò sí orí. Ọ̀rọ̀ náà wá ń bà mí lẹ́rù, mo sì bi ìyá rẹ, tó ti ń bá mi gbé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bóyá mo ní orí. Ó ní nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan, òun náà ti ṣiyèméjì rí.

Nígbà tó sú àǹtí rẹ, ó gbé orí oníke tí wíìgì wà lórí rẹ̀, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó yà á. Lójú ẹsẹ̀ ni fóònù kọ ọ́ pé: "A rí orí. Orí tó dára. Ṣé ó dùn ún?" Àǹtí rẹ tẹ "rárá", nítorí lóòótọ́, kò ké. Áàpù ní orí mẹ́rin ni òun fẹ́, ni àǹtí rẹ bá pààrọ̀ wíìgì lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Wọ́n fi òdòdó ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù láti fi dúpẹ́. Ọmọ mi, ṣé o rí i? Ẹ̀rí tí wọn yóò kà níwájú àwọn ọ̀gá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ẹnu ike ni ó ti jáde.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà, tí mo sì fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo tan díráyà, mo gbé àbẹ́là síwájú ihò kọ̀ọ̀kan. Níwájú ihò àárín, ó yọ́ kí n tó ka eéjìlá. Níwájú àwọn yòókù, mo ka ogójì kí ó tó yọ́. Ihò àárín kọjú sí ibi tí iná ti ń jáde gan-an, àwọn tó kù tẹ ọrùn díẹ̀, ooru ti máa ń rẹ̀ kó tó kàn wọ́n. Mo bá já bọ́tìnì onídẹ kan lára kóòtù tí mo fi fẹ̀yìn tì, èyí tó ní ihò mẹ́rin, mo fi wáyà tín-ín-rín so ó sí ẹnu ihò àárín. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré bọ̀ kọlù ú, ó sì fọ́n ká. Mo tún jókòó, mo fi orí mi sí i lẹ́ẹ̀kejì, mo ka ọgọ́ta, oorun fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ.

Òun ni mo dì sínú páálí yìí, tòun ti bọ́tìnì rẹ̀. Gbé e síwájú wọn. Bí wọ́n bá ní orí mẹ́rin ti jẹ́rìí pé kò dùn wọ́n, sọ orúkọ ẹlẹ́rìí fún wọn, kódà bí ó bá máa ba ọjọ́ náà jẹ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹgbàárùn-ún ihò àárín jáde bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ń wá ẹwà kì í tètè ké.

Fi owó ìpara ránṣẹ́, àti owó bọ́tìnì, nítorí kóòtù mi ti ya ẹnu, àti owó fìlà tó fẹ̀ díẹ̀ tí kò ní máa ha ojú egbò. Má fi gba báǹkì o. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo kí ẹ̀rọ inú ògiri títí, kò dáhùn, mo sì bínú kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka orí, wọn yóò ka tìrẹ mọ́ ọn.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni mo ní kí n tún dán fóònù wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí orí, ó ní. Ó dáa, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n kí ló wá ń ta mí lábẹ́ fìlà?