Yàrá Búrẹ́dì

Ajé, 3 Oṣù Kejì
Ọmọ mi, Alma, ń sùn níta nínú kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń tì í kiri. Mo ṣí áàpù iléeṣẹ́ lórí fóònù. Mo ṣì wà nílé nítorí ọmọ, àmọ́ wọn ò yọ orúkọ mi kúrò. Yàrá là ń pe ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ síra wa nínú rẹ̀. Yàrá gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè yọjú sí i. Mo yọjú sí Yàrá Búrẹ́dì, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹni tó kàn láti gbé búrẹ́dì wá fún gbogbo wa láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Maiken ló kàn. Òun ló di iṣẹ́ mi mú fún mi títí n ó fi padà. Ó ní ọwọ́ ara òun lòun máa fi yan búrẹ́dì náà.

Ọwọ́-Ìyẹ̀fun. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn.

Èmi, rírà ni mo máa ń rà á.

Ẹtì, 7
Ọkọ mi, Troels, tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ wa, kọ ọ́ sí yàrá náà lójú gbogbo ayé: "Maiken, ṣé o ò nílò ọmọ ọ̀dọ̀? Mo mọ abọ́ fọ̀."

Ọwọ́-Ìyẹ̀fun fèsì: "Ti ilé rẹ ńkọ́, ta ló ń fọ̀ ọ́?"

Ẹ̀rín. Àwòrán ọkàn pupa rẹpẹtẹ.

Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Nígbà tí Troels délé, mo bi í báwo ni búrẹ́dì òní ṣe rí. Ó ní, "Búrẹ́dì ni."

Ajé, 10
Owú ń jẹ mí, kí n má purọ́ fún ìwé. Mo fẹ́ ka ohun tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnì kan wà nísàlẹ̀: Wọlé. Mo rò pé òun ló máa ṣí i. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà kékeré kan yọ: Rikke ti wọlé. Èmi nìkan ló máa rí ìyẹn, àbí?

Ọjọ́rú, 12
Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Ẹtì, 14
Wọ́n jẹ búrẹ́dì lónìí, ó dájú. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Troels wọlé, ó ń súfèé.

Nígbà tí wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà ní gbangba, ó ń bí mi nínú. Ìdákẹ́jẹ́ yìí wá burú jù ú lọ. Wọ́n ti rí ibòmíì. Mo bi í: níbo lẹ ti ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ó ní, "Àwa wo?"

Àìkú, 16
Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Ó ní, "Rikke, ọkọ kì í ṣe ajá tí èèyàn ń fi okùn dè." Ó rọrùn fún un láti sọ.

Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Alma sunkún lọ́wọ́ olùtọ́jú, èmi náà sunkún nínú bọ́ọ̀sì.

Ọwọ́-Ìyẹ̀fun dìde lórí àga mi, ó dì mọ́ mi. Henning, ọ̀gá wa, ní, "Jẹ́ n mú ọ wọ yàrá tuntun." Àgádágodo kékeré wà lára orúkọ yàrá náà: kì í ṣe ti gbangba. Ẹni tí wọ́n bá mú wọ ibẹ̀ lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò rántí ìyẹn.

Mo kà á láti òkè. Ọjọ́ tí mo tẹ bọ́tìnì yẹn gan-an ni wọ́n ṣí i.

Troels ló ṣí i: "Ẹ máa bọ̀ níbí. Ìyàwó mi ti wọ tọ̀hún."

Maiken: "Ẹ jẹ́ ká kí i nígbà náà. Bóyá ilé ti sú u."

Troels: "Kí i kẹ̀? Ó ń ṣọ́ mi ni. Ẹ má dá a lóhùn."

Maiken: "Ìyá ọmọ ni, Troels. Kì í ṣe ọlọ́pàá."

Ẹni tí mo ń bú láti ọjọ́ yìí ló gbèjà mi.

Mo padà sí yàrá àtijọ́, ti gbangba. Mo kọ ọ́: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Troels ò purọ́, mò ń ṣọ́ ọ." Mo fi ránṣẹ́.

Maiken ló kọ́kọ́ dáhùn: "Káàbọ̀, Rikke. Ìwọ ló kàn ní Ẹtì."

A ti délé. Troels wà ní kíṣìnnì. Ó ń fọ abọ́.