Oògùn Tí Mo Ń Ṣún Lò

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí.

Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí kòkòrò HIV ti wà lára mi. Ọkọ mi mọ̀. Oògùn tí mo ń lò lójoojúmọ́ ni kò jẹ́ kó ràn án. Ọ̀fẹ́ ni, àfìgbà tí àwọn ará òkè òkun tó ń sanwó rẹ̀ dáwọ́ owó dúró, tí wọ́n ti ilé ìwòsàn wa pa. Ọgọ́ta hóró ló kù lọ́wọ́ mi. Mo bá ń lo ẹyọ kan ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ti oṣù méjì lè tó mi fún oṣù mẹ́rin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ọgbọ́n yìí yangàn fún nọ́ọ̀sì wa àtijọ́, tó ti ń ta bàtà báyìí. Ó káwọ́ lérí.

"Ẹ̀yin aránṣọ yìí! Aṣọ lẹ lè ṣún, kì í ṣe oògùn yìí. Tí ẹ bá ń fo ọjọ́, kòkòrò náà á tún gbérí, ó sì lè ran ọkọ yín."

Mo ti ń fo ọjọ́ fún oṣù mẹ́ta.

Ó júwe ibòmíràn tí wọ́n ṣì ti ń fúnni lóògùn fún mi. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní kí n mú ọkọ mi dání wá ṣàyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé. Kò tíì mọ̀ pé mo ń fo oògùn. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà?