Mo Gbàgbé Sabina sí Bodè Sáàdù

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópó Ìyá Ẹlẹ́ja,
                                        Bàrígà, Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Bámilóyè, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà kékeré,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa kí n tó máa bínú. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá gbogbo ẹni tó bá dé ìdí kànga jà? Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Hameedat, tó máa ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ yín wá tà ní Onípanu, sọ fún mi pé àwọn ẹyẹ kò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi lọ́dún yìí. Ẹ kú ìfaradà. Òun náà ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí mo ti pè ọ́ títí lórí fóònù, obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn ló sì ń dá mi lóhùn.

Bó o bá béèrè èmi, ara mi le, inú mi ni kò dùn. Sabina kò sí nílé. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà ní Bàrígà níbí, torí pé mo gbàgbé rẹ̀ sójú ọ̀nà. Má tíì rẹ́rìn-ín. Kà á tán ná.

O mọ̀ pé láti ìgbà tá a ti fẹ́ra la ti jọ wà lórí tírélà. Èmi ni dírẹ́bà, òun ni mọ́tò-bọ́ì. Bá a bá dúró, òun ló ń sọ̀ kalẹ̀ fi igi há táyà kí ọkọ̀ má baà yí. Bá a bá fẹ́ gbéra, òun ló ń yọ igi náà, á lu ara ọkọ̀ gbà, gbà, á sì gòkè wá. Bí n kò bá gbọ́ gbà, gbà yẹn, ọkọ̀ kì í sún. Ẹ̀yìn ìjókòó wa ni ibùsùn kékeré kan wà, a ta kọ́tìnì bò ó, ibẹ̀ là ń sùn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, táìlì la kó lọ sí Kàdúná. A ti kọjá Ìlọrin, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ni Sabina bá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

"Páàkì. Oorun ń kùn ọ́."

"Ta ni oorun ń kùn?"

"Ìwọ ni. Ó kù díẹ̀ báyìí ká wọ oko gbágùúdá ẹni ẹlẹ́ni lọ."

"Èmi ni mo di sítíárì mú. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó wọ ẹ̀yìn lọ."

Ó wọ ẹ̀yìn lọ lóòótọ́, ó sì fa kọ́tìnì bí ẹni fẹ́ fà á ya. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yodì nìyẹn.

Mo dúró ní Bodè Sáàdù láti wo táyà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi igi há a, kò wojú mi, ó tún gòkè. Mo fi òòlù kan àwọn táyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣe tán, ó yẹ kí n pè é pé kó wá yọ igi. Bámilóyè, mo ní n kò ní pe ẹnikẹ́ni. Mo yọ igi fúnra mi, mo gòkè, mo gbé ọkọ̀ lọ. Kọ́tìnì ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. N kò mọ̀ pé nígbà tí mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí mò ń kan táyà, ó ti bọ́ sílẹ̀ lọ ra àkàrà.

N kò gbọ́ ohùn kankan títí dé Jẹ́bà. Kí ni kí n rò? Ẹni tó ń yodì kì í sọ̀rọ̀. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi pé ó ti rí i lónìí pé èmi náà lágídí. Ní Jẹ́bà, mo ra ẹja díndín tó fẹ́ràn. Ẹnu mi kò lè sọ pé kó má bínú, ṣùgbọ́n mo lè ra ẹja. Mo na ọwọ́ gba abẹ́ kọ́tìnì. "Gbà." Kò gbà á. "Sabina, gbà á, ó gbóná." Ọwọ́ ti ń ro mí kí n tó ká kọ́tìnì. Ìrọ̀rí ni mò ń fún ní ẹja, òun àti fóònù Sabina tó ń gba iná lọ́wọ́.

Bí mo ṣe yí tírélà yẹn padà, Ọlọ́run ló mọ̀. Nígbà tí mo dé Bodè Sáàdù, ìyá alákàrà wò mí tòkè tilẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni ọkọ rẹ̀? Ó sáré tẹ̀ lé ọ títí, ó ń pariwo, o ò gbọ́. Ó ti bá ọkọ̀ oníṣu kan lọ sí Èkó. Ó ní bó o bá padà dé, kí n sọ fún ọ pé kó o lọ sùn."

Bàbá Oyinkọ́lá, àgbà dírẹ́bà ní gáréèjì wa, ló ni ọkọ̀ oníṣu náà. Bàbá ṣe dáadáa, wọ́n gbé e dé ilé àwọn òbí rẹ̀ bí ọmọ wọn. Ẹnu wọn ni kò lè pa àṣírí mọ́. Kí n tó já táìlì ní Kàdúná kí n sì padà, gbogbo gáréèjì ti gbọ́. "Adégbénró, ṣé èrò ọkọ̀ rẹ pé?" "Wo abẹ́ ọkọ̀ o, ìyàwó ẹ lè wà níbẹ̀!" Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ní òun ti sọ tipẹ́ pé tírélà kì í ṣe yàrá tọkọtaya, kí n wá ọkùnrin sí ipò Sabina. Mo ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ wọn kí ẹlòmíì tó jókòó síbẹ̀. Wọn kò tíì gbà á.

Mo lọ sí Ìlàjẹ. Àwọ̀n ni bàbá Sabina ń tún ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ títí àyà fi ń dùn mí kí wọ́n tó dáhùn.

"Adégbénró, ta ló mú ọ wá síbí nígbà tó o ń wá ìyàwó?"

"Bámilóyè ni, sà."

"Òun ló ní bí nǹkan bá ṣe ọmọ wa, òun ni ká mú. A ti mú un. Lọ pè é wá. A kì í bá ọkọ ọmọ ẹni rojọ́ irú èyí."

Mo ní n kò lé e, mo gbàgbé rẹ̀ ni. Bàbá ní èyí tí mo sọ yẹn gan-an ló burú jù.

Ibẹ̀ ni Sabina ti jáde láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa.

"Kì í ṣe torí o fi mí sílẹ̀ ni mo ṣe jókòó síbí," ó ní. "Ẹni tó ń tòògbé lè gbàgbé orí ara rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kó o sọ lójú bàbá mi pé bí mo bá ní kó o páàkì, wàá páàkì."

"Ta ni dírẹ́bà?"

"Ìwọ ni. Ta ni yóò di opó?"

Mo bínú dìde, mo lọ. O kúkú mọ̀ mí.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá nìkan kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí mò ń bọ̀, lọ́sàn-án gangan, oorun bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí lójú. Mò ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ kí n lè bá a jiyàn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé Ògèrè, mo páàkì, mo sùn. Bí mo ṣe jí, mo kọjú sí ẹ̀gbẹ́ pé kí Sabina wá wò ó pé mo páàkì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Àga òfìfo ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó dùn mí ju yẹ̀yẹ́ gáréèjì lọ.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Wá sí Èkó ní Sátidé. Bó o bá sọ̀ ní Fádèyí, màá ti wà níbẹ̀. Má gbé ọtí dání o, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni bàbá Sabina, wọn kì í mu ún. Gbé ìrẹsì wá. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé, ṣùgbọ́n má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Ìyá wa, wọ́n á fi kọrin.

Bí bàbá bá béèrè ohun tí mo wí, sọ fún wọn pé bí Sabina bá ní kí n páàkì, màá páàkì. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ yìí, ẹnu mi ni kò tíì gbà á. Bí wọ́n bá fi dandan lé e pé èmi fúnra mi ni kí n sọ ọ́, jókòó tì mí, kó o máa tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ títí n ó fi sọ ọ́.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ olóríkunkun,
                                        Adégbénró.