Orúkọ Tí Kò Sí Lẹ́yìn Abẹ̀bẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì fẹ́ ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ti dókítà, kì í ṣe ti pásítọ̀, kì í ṣe ti Renetta ọmọ mi tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló fún mi ní ìwé yìí, ó ní kí n máa kọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru mi sí i lójoojúmọ́. Màá kọ ohun tó ń mú un ru. Ẹgbẹ́ Agbọ́n. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Tarver.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo ti ń jókòó ní pápá wọn. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ẹ̀ se oúnjẹ fún wọn. Ní èṣí, a borí nínú ìdíje mẹ́ta, a fìdí rẹmi nínú mẹ́jọ. Renetta ní kí n jókòó sílé kí n máa wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, pé àtẹ̀gùn pápá yẹn á pa mí. Mọ́kànlélógójì ni àtẹ̀gùn ọ̀hún. Orúnkún mi mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ̀jẹ̀: 151. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ wo ìgbáradì. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ẹ̀pà sísè lórí itan. Ooru bí inú ìkòkò. Alósì — ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù fún wa — jù ú kọjá orí ẹni tó yẹ kó hán an, ó lọ bá ọkùnrin tó ń gé koríko. Àwọn géńdé iwájú tó yẹ kó dáàbò bò ó ti fúyẹ́. Mẹ́ta tó síngbọnlẹ̀ jù nínú wọn ti kó lọ sí yunifásítì ńlá tó ń sanwó fún wọn. Mi ò bá wọn wí. Èmi náà ì bá lọ. Irọ́ ni. Mi ò ní lọ.

Kóòṣì tuntun tún dé, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnu-Oyin ni mo sọ ọ́. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú fèrèsé, ó ní, "Ìyá, tọdún yìí yàtọ̀ o." Mo ní àwọn mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀pà yìí náà ni mo sì ń jẹ nígbà yẹn.

Ó rẹ̀ mí. Síbẹ̀ mo dúró títí wọ́n fi ṣe tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Orúnkún. Kò sí nǹkan mìíràn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá Àgbò pè. Lurline ni, àbúrò mi tí mo fi ọdún méjì jù lọ. Ó fẹ́ ará Hebron ní òdìkejì odò, ó sì di ti Àgbò, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn, pátápátá, bí ẹni pé kì í ṣe ilé Agbọ́n la bí i sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìgbáradì o. Ṣé àwọn Agbọ́n yín ti rí oró rà, àbí kíkùn lásán náà ni?"

Mo ní kí ó lọ rẹ́ irun àgbò rẹ̀. Ó ní agbọ́n tí kò lóró, eṣinṣin ni. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Mi ò jẹ́ kí ó gbọ́ ikọ́ náà.

Oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá nìkan la máa ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí a ti sin Màmá, tí a sì jà lórí ilé rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wa tí kò lẹ́gùn-ún. Bọ́ọ̀lù nìkan ló kù.

Àdéhùn wa: Tarver àti Hebron máa ń pàdé ní Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi á dé àkẹtẹ̀ àwọ̀ ẹnì kejì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa nìyẹn. Gbogbo àwa ìyá ìjọ, funfun látòkè délẹ̀, bí òwú lóko. Wá fojú inú wo àkẹtẹ̀ àwọ̀ ewé kan láàárín wa! Mo ti dé e fún ọdún mẹ́ta léra. Mo gbé orí sókè. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín lórí pẹpẹ.

Àmọ́ ní ọdún tó ṣáájú mẹ́ta yẹn, àwa la borí, mẹ́tàdínlógún sí mẹ́rìnlá. Lurline kò dé àkẹtẹ̀ pupa tiwa. Ó ní rẹfirí ló jà wọ́n lólè. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún borí wa, màá dé méjì léra wọn." Mo gbà fún un. Òmùgọ̀ ni mí.

Tọdún yìí la gbọ́dọ̀ borí. Ọdún kò pọ̀ mọ́ nínú àpò mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀gbẹ́ni Pettway tó ń sìnkú pín abẹ̀bẹ̀ tuntun fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọọdún ló ń ṣe é: àwòrán Olùṣọ́-àgùntàn níwájú, ètò ìdíje Agbọ́n lẹ́yìn. Mo fi ìka kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Hebron kò sí níbẹ̀.

Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá — orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan láti Tennessee tí mi ò gbọ́ rí.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ sóko òwú. Mo mọ̀wé tó láti mọ Hebron. Mo tún kà á. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N kì í ṣe ẹni tí wọ́n á máa kàwé fún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kó abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin wálé. Bákan náà ni gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ bá Pettway. Mo ní ìwọ tí o máa sin mí lọ́la, tí o bá lè gbàgbé odidi Hebron, ta ló mọ orúkọ tí wàá kọ sórí òkúta mi?

Ó ní, "Ìyá Stallworth, ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún mi ni mo tẹ̀. Ẹ sì fara balẹ̀ nípa ti òkúta, èmi ò kánjú."

Ó ní kí n lọ bi wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

168. Mi ò sọ fún Renetta.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ fún mi ní àga, mo kọ̀ ọ́. Ó ní Tarver ti bọ́ sí líìgì mìíràn. Líìgì náà ló ń yan ẹni tí wọ́n máa bá gbá, ètò ti kún, kò sí àyè fún Hebron.

Mo ní tọdún tó ń bọ̀ ńkọ́.

Ó ní rárá, mà.

Mo ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Ó wo tábìlì. "Mà, ó ti parí."

Bàbá mi wà níbẹ̀ nígbà tí Tarver àti Hebron pàdé lẹ́ẹ̀kejì. Mo padà sínú ọkọ̀, mo jókòó, mi ò tan ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe pé a fìdí rẹmi. Mo mọ bí a ṣe ń fìdí rẹmi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Lurline kò pè. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Kò pè. Renetta ní, "Màmá, ẹ pè é, ṣebí àbúrò yín ni." Mo ní ṣé mo bi ọ́?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìgbáradì. Alósì ti ń ríran. Ó ju mẹ́ta gígùn, ẹni tó jù ú sí hán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnu-Oyin na ọwọ́ sí mi láti àárín pápá, bí ẹni pé òun ló jù wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí a dára lọ́dún yìí o. Lóòótọ́.

Ẹ̀pà kò dùn lẹ́nu mi. Ta ni mo fẹ́ fi yangàn sí?

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó pè lẹ́yìn ìsìn. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ — ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gba eré lọ́wọ́ wa."

Mo ní mo gbọ́.

Mo ń gbọ́ fáànù ilé rẹ̀. Ó bi mí nípa orúnkún, mo ní ó wà níbẹ̀. Mo bi í nípa ojú rẹ̀, ó ní èyí tó kù ṣì ń ríran. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa náà. Eré kú, gbèsè kú. Kí kálukú máa sinmi. Ẹ máa tọ́jú ara yín o." Bí èèyàn ṣe ń dágbére fún ẹni tó bá a wọ ọkọ̀ kan náà. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ṣé bó ṣe parí nìyẹn? Ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá tí a ti sin Màmá, bọ́ọ̀lù la fi ń gbé ara wa ró. Kò ní pè mọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ìgbéraga ilé wa ló jogún, èmi náà jogún tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

172. Kò sí oorun. Inú ń bí mi, inú bíbí yìí sì dára ju àárẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọ̀la ni eré àkọ́kọ́. Màá gun àtẹ̀gùn náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Mo ní kí Renetta gbé mi lọ sọ́jà láàárọ̀. Mo ra àkẹtẹ̀ pupa tó pọ́n jù níbẹ̀, ìyẹ́ gígùn létí rẹ̀, ó burú débi pé ẹni tó ń tà á tọrọ àforíjì. Renetta ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ fi dójú tì?" Mo ní kí ó wa ọkọ̀ kọjá odò, kí ó gbé páálí náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Lurline, kí ó má dúró gba ẹjọ́.

Ohun tí mo kọ sínú káàdì rẹ̀ nìyí, mo dà á kọ síbí kí ó má baà sẹ́:

Lurline. Eré ló kú, gbèsè kò kú. Orí mi ni mo fi wọn àkẹtẹ̀ yìí, orí wa kan náà ni. Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ keje, aago mọ́kànlá. Ṣọ́ọ̀ṣì tèmi, kì í ṣe tìrẹ. Ìjókòó kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O ti jẹ mí láti ọdún mẹ́rin. Wá san án.