Ìrìn Bàbá Rẹ Tí O Tún Ṣe

Truro, Nova Scotia,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Jocelyn, ọmọ àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà ní Calgary. Bí mo ti kí ọ tán nìyí, ó di dandan kí n bá ọ wí. A kì í wọ yàrá àgbà láìkan ilẹ̀kùn, bí àgbà náà tilẹ̀ ti kú. Nígbà tí bàbá rẹ ń lọ, ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, kí o lè máa mú àwòrán tí ó dúró fún un nínú ayé orí kọ̀ǹpútà rìn pẹ̀lú àwòrán ìyá rẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kò fi í sí ọ lọ́wọ́ kí o máa tún ẹsẹ̀ òun ṣe. O kò béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ, o kò sì béèrè lọ́wọ́ èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o fà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní aago mẹ́ta, Yvette, nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú ìyá rẹ ní ilé àwọn àgbà, gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀ bí ìṣe wa. Mo jókòó tì í. Àwòrán bàbá rẹ yọ lójú ọ̀nà etí òkun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì gún régé. Ìyá rẹ tẹjú mọ́ ọn títí. Ó ní, “Ta nìyẹn?” Yvette bú sẹ́rìn-ín: “Ha, Màmá! Ọkọ yín mà ni! Ẹ wò ó bó ṣe ń yan, ó ti padà di ọ̀dọ́!” Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Má fi mí ṣẹ̀sín. Sọ fún un kó má tẹ̀ lé mi mọ́, ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn.” Ó yí ojú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà kò fẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ òun. Jocelyn, ó ti gbàgbé orúkọ rẹ, èmi náà, onílé tó ń gba owó ilé ló ń pè mí. Ìrìn yẹn nìkan ni kò tíì gbàgbé.

O sọ fún mi lórí fóònù pé, “Àǹtí, ṣebí ọ̀run ni Dádì wà báyìí, kí ló dé tí wọn ò ní lè rìn tààrà?” Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló rán ọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ọdún tó ṣáájú ìbí rẹ ni ìtì igi já lu ẹsẹ̀ òsì bàbá rẹ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ wọ ayé orí kọ̀ǹpútà, ìrìn àwọn géńdé ni wọ́n fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Bàbá rẹ kọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi ṣe ìrìn tirẹ̀, ìbàdí, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Á dìde, á wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí sítóòfù, á padà wá tún un ṣe. Mo ní, “Clyde, ta ló ní kí o gbé àbùkù lọ sí ibi tí o ti lè rìn bí èèyàn?” Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ṣe pè mí, ó ní, “Tíṣà, ẹ fi mí sílẹ̀ o! Ẹsẹ̀ yìí ni Noreen ìyàwó mi mọ̀.”

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó kúrò nílé ìwòsàn, èmi ni mo sọ fún un pé kó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó má baà máa wọ́ ẹsẹ̀ láàárín ìjọ. Ìwà ọmọlúàbí ni mo pè é. Ìyá rẹ di apá òsì bàbá rẹ mú, wọ́n gba àárín wọlé, bí bàbá rẹ bá tẹsẹ̀ dúró, ìyá rẹ á dúró dè é. Bàbá rẹ kú ní oṣù kejì ọdún yìí, n kò sì tíì tọrọ àforíjì.

O ní o ti pa ìrìn àtijọ́ rẹ́ pátápátá. Nígbà tí mo gbọ́, mo sunkún níwájú Yvette, èmi tí n kì í sunkún níwájú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà mo ní kó mú àwòrán ìyá rẹ nìkan rìn. Àwòrán náà gbé ẹsẹ̀ méjì, ó dúró díẹ̀. Ó tún gbé méjì, ó tún dúró. Bàbá rẹ ló ṣe ìrìn méjèèjì, ó wọn ti ìyá rẹ mọ́ tirẹ̀. Ó ṣì ń dúró dè é.

Nítorí náà, ṣí ìrìn ìyá rẹ lórí kọ̀ǹpútà, kí o sì ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ibikíbi tó bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí o ti wọ́ ẹsẹ̀ òsì bàbá rẹ. Má fi kún un, má sì tọ́ ọ. Parí rẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ̀ láyé. Kí àwọn ọmọ rẹ máa dúró dè ọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Lorna Haverstock.

Àfikún: Yvette sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà lópin ọ̀nà etí òkun náà. Bí ìyá rẹ bá gbà láti wò ó ní Ọjọ́bọ̀, fi bàbá rẹ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí o sì mú wọn gba àárín wọlé.