Pílánẹ́ẹ̀tì Aláìlóòrùn àti Èbù Bàbá Rẹ

Samsudeen ọmọ mi,

Asalamu alekun. Ṣé àlàáfíà ni o jí ní Èkó? Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kò ní jẹ́ ká sunkún ara wa. Ara wa le níbí ní Ṣakí, ewúrẹ́ Bàṣírátù àbúrò rẹ sì ti bí ìbejì.

Wàsíù onímọ́tò ni mo fi ìwé yìí rán, nítorí mo ti pa fóònù, mo sì rì í sínú garawa èlùbọ́. Ìwọ lo fà á. Fídíò tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ ni, pé ayé kan wà lókè tí wọ́n ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì, tí kò ní oòrùn tirẹ̀, tó kàn ń rìn kiri nínú òkùnkùn, tó sì lè wá kọlu ayé tiwa. O wá fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ rẹ̀. Bàṣírátù sì sọ fún mi pé fóònù máa ń mọ ibi tí ilé ẹni wà. Èmi ò bẹ̀rù o, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ ara mi júwe ilé fún alárìnkiri.

Irú kí wá nìyẹn? Ayé tí kò nílé, tí kò kí oòrùn kankan ní ẹ kú àárọ̀ rí! Bí ewúrẹ́ bá ṣìnà níbí, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀, wọ́n á kéde, olówó rẹ̀ á dé. Èyí tóbi tó odindi ayé, kò sẹ́ni tó ń wá a. Kó gba ọ̀nà Ògbòòrò bọ̀, kó rí kòtò, á padà síbi tó ti ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní àwọn ò gbin iṣu mọ́ lọ́dún yìí. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, gbogbo èèyàn ti wà lóko, bàbá rẹ jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń wòkè. Wọ́n ní ta ni yóò jẹ iṣu náà tí Àlùkìyámọ̀, ọjọ́ ìparí ayé, bá dé. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun èbù jẹ. Èbù o, iṣu tó yẹ ká gbìn! Mo ní ẹni tí ẹ̀rù ikú ń bà kì í jẹun tó báyẹn.

Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo bá wọn lẹ́yìn ilé. Wọ́n gbé ọkọ́ sókè, wọ́n fẹ́ dán ebè kan wò, ìbàdí wọn ò gbà. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń mí hẹlẹ. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ń rò. Ìgbà yẹn ló yé mi. Wọn ò lè kọ ebè mọ́, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Ọkàn mi bàjẹ́, mi ò bú wọn mọ́.

Ìwọ ni mo wá ń bú. Iléyá tó kọjá o ò wá, èyí tó ṣíwájú rẹ̀ o ò wá, fídíò lò ń fi ránṣẹ́. Gbogbo ohun tó ń rìn lókè lo mọ̀, o ò mọ̀ pé ìbàdí ń ro bàbá rẹ.

A nílò owó tí a ó fi gba alágbàṣe, àti ti òróró ìpara fún ìbàdí náà. Má gba ojú fóònù fi ránṣẹ́ o, èlùbọ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Èbù tó kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sọ fún wọn pé aṣọ ni.

Ọlọ́run á bù sí ọ̀nà oúnjẹ rẹ. Kò ní jẹ́ kí o di ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni ò wá. Àwa ń wá ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àwáwù